Ta ló lè là mí lọ́yẹ̀ lórí òfin àti ìdẹ́yẹsí?

Ẹ̀yin onímọ̀ òfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ń to àwọn orílẹ̀-èdè sí ìlà méjì, àwọn tó dáàbò bo ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nẹ́dálándì, tó fàyè gba ìgbéyàwó wọn ní ọdún 2001, kò fún mi ní wàhálà. Íńdíà ni mo ti há. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ìbálòpọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀ràn mọ́, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ yìí kan náà kọ̀ láti fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn ní ọdún 2023. (Bóyá ìlà méjì tiẹ̀ ti kéré jù.) Ohun tó rú mi lójú gan-an nìyí: bí onílé bá lé ayálégbé jáde nítorí ẹni tó ń fẹ́, ṣé ìdájọ́ tó mú ẹ̀wọ̀n kúrò tó láti gbà á sílẹ̀, àbí dandan ni kí òfin ka irú ìdẹ́yẹsí yìí léèwọ̀ ní pàtó, gẹ́gẹ́ bí òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù Áfríkà ti ọdún 1996 ṣe kà á? Ẹni tó bá mọ ibi tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé, kó jọ̀wọ́ sọ bó ṣe parí.