Ǹjẹ́ Àìgba Ẹ̀dá Gbọ́ Ń Mú Ènìyàn Ṣoríire? Ẹ Wá Sọ Ohun Tí Ojú Yín Rí

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ìfura loògùn àgbà, a sì mọ àwọn kan tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ààlà: lójú tiwọn, olè ni gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò tíì jalè kàn ń dúró de àyè ni. Ẹ jẹ́ kí á fi òwe sílẹ̀ ná. Ẹ sọ ti ẹni tí ẹ bá ṣiṣẹ́ tàbí tí ẹ bá ṣòwò, kí ẹ sì sọ bóyá irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó gbé e dé ibi tí ó dé, tàbí òun ni ó dá a dúró.

Oníṣòwò aṣọ, Ìbàdàn

Ọ̀dọ̀ ìyá kan ní ọjà Gbági ni mo ti kọ́ òwò aṣọ. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé wọ́n tọ́jú mi dáadáa, àmọ́ kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí wọ́n gbà gbọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wọn ọ̀pá aṣọ, àwọn náà ni wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ kankan mọ ẹni tí ń bá wọn kó ọjà láti Kantin Kwari ní Kánò, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń wí, ọjọ́ tí ọmọọṣẹ́ bá mọ ọ̀nà ni yóò gba òwò mọ́ ẹni lọ́wọ́. Wọn kì í tàwìn, ìbáà ṣe fún ẹni tí ó ti ń bá wọn rajà láti ọdún gbọọrọ.

Kí a má purọ́, kò sí ẹni tí ó rí wọn rẹ́ jẹ. Ìyá kejì, tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ tiwa, a máa tàwìn fún àwọn obìnrin tí ń ra aṣọ lọ tà ní Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á gba nọ́ńbà fóònù ẹni tí ó mú oníbàárà wá, bí oníbàárà náà bá sì san ti àkọ́kọ́ pé, wọ́n á bù kún ti èkejì. Àwọn kan wà tí wọ́n jẹ wọ́n ní gbèsè tí wọn kò san títí di òní, ìyá tiwa a sì máa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Ìgbà tí owó náírà di àwátì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà wá hàn gbangba. Báńkì àpapọ̀ ti pa owó 200, 500 àti 1,000 náírà láró (àwa ará ọjà kò rí ìyàtọ̀ mìíràn tí ó ju àwọ̀ lọ), ti àtijọ́ ń kúrò nílẹ̀, ti tuntun kò sì dé ọwọ́ ará ìlú. Tìránsífà nìkan ló kù, ẹ̀rọ àwọn báńkì sì ń kọṣẹ́: owó á kúrò nínú àkáǹtì oníbàárà, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tajà ní ọjọ́ náà. Àwọn gbájú-ẹ̀ sì wà níta tí wọ́n ń fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú kó ọjà ọlọ́jà lọ, nítorí náà ìbẹ̀rù ìyá wa kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Wọ́n ní aṣọ kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi bí owó bá wọlé. Ẹni tí ó ti Ṣakí wá kò lè sun ọjà mọ́jú. Ó rékọjá sí òdìkejì, níbi tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n kọ ohun tí ó rà sílẹ̀, ó sì gbé e lọ. Nígbà tí owó padà sí ìgboro, àwọn oníbàárà náà kò padà sọ́dọ̀ wa. Ìyá kejì ti gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn kún tiwọn. Tìyá wa kò tíì kúrò ní ìlẹ̀kùn kan, bí àìsàn bá sì dá wọn sílé, ìlẹ̀kùn ọ̀hún kò ní ṣí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Onílé, Ìkòròdú

Mo ka ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ, ó sì wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàtọ̀ sí aṣọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Èkó, tí ó sì gbà pé ọmọ aráyé dára, owó ni yóò fi kọ́gbọ́n. Kí ni ìdí tí àwọn onílé fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà?

Ọmọ ìjọ wa, ẹni tí a jọ ń gbàdúrà, ni ó mú ilẹ̀ kan wá fún mi. Ó ní ẹbí ti fọwọ́ sí i. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì gba ìwé ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e fún awọnlẹ̀ tèmi, mo rán agbẹjọ́rò lọ sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláùsá, mo sì lọ jókòó ti ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò náà títí ó fi sọ ohun tí ó mọ̀. Abala kan nínú ilẹ̀ náà ni ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé, olórí ẹbí kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títa ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn nínú ìjọ ti sanwó. Òótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lọ́dún 2016 láti ká àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn géńdé á ti wó fẹ́ǹsì ẹni. Inú ilé tí mo padà kọ́ síbòmíràn ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àìgba ẹnikẹ́ni gbọ́ ni ó sì fún mi ní ilé náà.

Olùkọ́ yunifásítì, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀gá wa ti Ìkòròdú, ẹ ṣeun. Ìwádìí kan wà tí ó gbè yín díẹ̀, tí kò sì gbè yín tán. Ní ọdún 2016, Olga Stavrova àti Daniel Ehlebracht gbé àbọ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tí a ti bi ní ìbéèrè léraléra ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n gbà pé ẹlẹ́tàn àti anìkànjọpọ́n ni ọmọ aráyé, owó tí ń wọlé fún wọn kéré sí ti àwọn yòókù bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí wọn kì í fẹ́ bá ẹlòmíràn pawọ́pọ̀, wọn kì í sì í fẹ́ gbára lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó orílẹ̀-èdè 41 jọ, wọ́n rí i pé níbi tí ìpànìyàn ti pọ̀, tí ríran ara ẹni lọ́wọ́ sì ti ṣọ̀wọ́n, irú èrò bẹ́ẹ̀ kò dín owó ẹni kù. Mo lè gbà pé ọjà ilẹ̀ ní Èkó jọ irú ibẹ̀.

Àwọn méjèèjì tún fi hàn lẹ́yìn náà pé àwọn ènìyàn máa ń ka ẹni tí kò gba ẹ̀dá gbọ́ sí ọlọ́gbọ́n, bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò làákàyè, irú wọn kì í ṣe dáadáa tó àwọn yòókù. Èyí kò yà mí lẹ́nu rárá, nítorí mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó pọ̀ níbi tí ẹni tí ń rí ète nínú gbogbo àbá ti di ẹni tí à ń wárí fún, tí kò sì dá àbá kan rí. Ìbéèrè kan ni mo ní fún yín, ọ̀gá. Awọnlẹ̀ yín, agbẹjọ́rò tí ẹ rán sí Aláùsá, àti ìyá ẹlẹ́kọ, ṣé ẹ kò gbà wọ́n gbọ́ ni?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́lẹ̀, Abẹ́òkúta

Kí n tó fẹ̀yìntì, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́. À ń yọ owó lára owó oṣù, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yáwó lè gba ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́, bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sá lọ, lára owó àwọn méjèèjì ni a ó ti yọ ọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM, ètò sogúndogójì tí ó gba Nàìjíríà kan, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Olùkọ́ ìṣirò kan wà láàárín wa tí kò fi kọ́bọ̀ kan síbẹ̀, ó sì tọ́ kí á yìn ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ pé ọ̀kan náà ni àwa àti MMM. Mo gbé ìwé owó ẹgbẹ́ síwájú rẹ̀, èyí tí ayẹ̀wéwò ìjọba ti buwọ́ lù. Ó ní ayẹ̀wéwò náà ń jẹ níbẹ̀. Ó gba owó rẹ̀ jáde. Kí ó tó lọ, kò tilẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì, tí ó nílò owó ní kíákíá, ó fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn kan nínú yàrá olùkọ́. Kò sí ẹni tí ó bú u, wọ́n kàn ní kò sí lọ́wọ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù ni ó já sí, àwọn tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n bá rí lórí fóònù ẹni pé ajigbèsè ni. Ó dé orí fóònù tèmi náà.

N kò sọ pé kò sí ewu níbẹ̀ o. Olùkọ́ kékeré kan tí mo ṣe onígbọ̀wọ́ fún gba Kánádà lọ láìdágbére, wọ́n sì yọ gbèsè rẹ̀ lára owó oṣù mi títí ó fi tán. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n gbọ́ràn lọ́dún náà. Síbẹ̀, mo tún fọwọ́ síwèé fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo kọ́kọ́ ní kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá, mo sì bi akápò bóyá ó jẹ gbèsè mìíràn. Akápò ní kò jẹ, mo sì buwọ́ lù ú.