Dírẹ́fà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) wo ni kí n kọ́kọ́ fi sí láptọ́ọ̀pù mi?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo pa gbogbo ohun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù Dell mi rẹ́, mo fi Windows 10 tuntun sí i. Kò rí Wi-Fi kankan, lẹ́tà ojú rẹ̀ sì tóbi gbàgẹ̀dẹ̀.

Ará Adó: Àbúrò, jọ̀ọ́, má gbé àwọn ètò tó ní àwọn á bá ẹ wá dírẹ́fà sórí ẹ̀ o! Dojú ẹ̀ dé, wo Service Tag (àmì ìdánimọ̀ ẹ̀) nísàlẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà, méje lápapọ̀. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì Dell gan-an. Dírẹ́fà chipset (ẹ̀yà tó so àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀ yòókù pọ̀) ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà ti Wi-Fi àti ti gíráfíìsì (ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀).

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣé gan-an, sà. Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ìyá Ìjerò: Fi wáyà USB so fóònù ẹ mọ́ ọn, kí o tan USB tethering lórí fóònù náà, kí láptọ́ọ̀pù lè lo íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ̀yà tí o ò bá mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wo Hardware Ids (àmì ìdánimọ̀) ẹ̀ nínú Device Manager, ibi tí Windows to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí: tó bá jẹ́ VEN_8086, Intel ni, VEN_10EC, Realtek.