Ìwọ̀ jíjù létíkun: kí ló dé tí "dẹkun" kò lè dúró?

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi, mo kí yín.

Àbúrò wa kan ń kọ ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn tó fẹ́ lọ pẹja láàárọ̀ kùtù ní etíkun Lighthouse, lẹ́bàá Tàkwá Bay l'Ékòó. Orúkọ mẹ́ta ló bi wá: ti ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní surf fishing, níbi tí èèyàn ti ń dúró lórí yanrìn ju ìwọ̀ sáàárín ìgbì; ti akàn aláwọ̀ yanrìn tó ń sáré létíkun (ghost crab); àti ti ẹyẹ kékeré tí ń lé omi, tí omi náà sì ń lé e padà (sanderling). Àbá ti pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, àwọn kan nínú wọn kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n wa tó mú "dẹkun" wá fún surf fishing ní bí a ṣe ní "dẹdò" (pẹja lódò) àti "adẹdò", bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká ṣe fún òkun. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ etí kò gbà á. "Dẹkùn" ti wà fún ẹni tó ń dẹ pańpẹ́, "dẹ́kun" sì wà fún ẹni tó ṣíwọ́. Bí a bá ní ká pa fáwẹ̀lì iwájú jẹ dípò ti ẹ̀yìn, "dòkun" la ó bá pàdé, ìyẹn náà sì ti jẹ́ "di òkun". "Ajùwọ̀" tí ẹlòmíì dá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù, kí ẹ wá wò ó bóyá kì í ṣe ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ lẹ máa kà. (Apẹja tí ẹja kò tíì fọwọ́ kan ìjẹ rẹ̀ láti ìdájí lè gba orúkọ yẹn o.)

Kí ló burú nínú "ju ìwọ̀ létíkun"? Bí ó bá di dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "ìwọ̀ jíjù létíkun". Jíjù yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kàn sọ ìwọ̀ sómi lásán. Á kọ́kọ́ wo omi: ibi tó ń hó funfun, òkìtì yanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, omi ibẹ̀ kò jìn, ibi tó ṣú díẹ̀ láàárín òkìtì àti bèbè, kòtò ni, ibẹ̀ lẹja ń gbà kọjá. Kòtò yẹn ló ń ju òjé àti ìwọ̀ sí. Bí òjé bá fúyẹ́, omi á wọ́ okùn rẹ̀ lọ sápá ìlà-oòrùn, nítorí apá ibẹ̀ ni omi ń kó yanrìn lọ ní etíkun Èkó. Ohun tó fà á náà nìyẹn tí yanrìn fi pọ̀ ní Lighthouse látìgbà tí wọ́n ti fi òkúta ṣe odi sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, tí òkun sì jẹ Bar Beach ní òdìkejì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe etíkun ní èbúté. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni èbúté. Èbúté-Mẹ́ta àti Èbúté-Èrò, ọ̀sà ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe òkun. "Ìfọ́-ìgbì" tí àwọn kan fẹ́ pe ibi tí ìgbì ti ń bì lu ilẹ̀ náà kò dùn létí mi. Àwo ló ń fọ́. Ìgbì a máa ru, a sì máa bì lu ilẹ̀. Bí a bá ń wá orúkọ fún ibẹ̀, mo fara mọ́ "ìbìlù omi".

Lórí akàn, mi ò gba "akàn iwin" tí wọ́n tú látinú ghost crab. Gẹ̀ẹ́sì ló wo àwọ̀ rẹ̀, tó rántí òkú tó ń rìn. Iwin tiwa, inú igbó ló ń gbé, kò sì ní ohun tó ń ṣe létíkun. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó sọ ọ̀kan nínú wọn lórúkọ ní 1758, ẹsẹ̀ ló wò ní tirẹ̀: ó pè é ní cursor, ìyẹn sárésáré ní èdè Látìnì. "Akàn asáré" tó. Ẹ gbàgbé ìjẹ sórí yanrìn kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí i bó ṣe ń sáré.

Ẹyẹ yẹn ló le. Etí ilẹ̀ ìhà àríwá ayé, níbi tí yìnyín pọ̀ sí, ló ti ń yé ẹyin, kó tó wá lo ìgbà òtútù ọ̀hún lọ́dọ̀ wa. Kò ní ọmọ-ìka ẹ̀yìn tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní. "Asá-fún-ìgbì" ni àwọn kan ń pè é níbí. "Alé-ìgbì" ni èmi fẹ́, torí pé ìgbà tí omi bá ń fà sẹ́yìn, tí ẹyẹ náà sì ń lé e lọ, ló ń rí nǹkan ṣà jẹ. Sísá kò lè mú un yó. Àmọ́ mi ò ní fọwọ́ sí èyíkéyìí títí àwọn ará Àgbádárìgì yóò fi sọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé. Àwọn Ẹ̀gùn tó ń fa àwọ̀n lọ́hùn-ún ń rí i ju wa lọ. Bí wọ́n bá ní orúkọ fún un, ẹ jẹ́ ká yá a, ká fi àmì ohùn sí i, ká sì fi tiwa sílẹ̀.