Báwo ni mo ṣe máa yí nọ́ńbà Best. lẹ́tà Voltaire sí D?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Voltaire, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìwé àtijọ́ tí mò ń lò fún tíísìs mi, nọ́ńbà Best. ló fi ń tọ́ka sí lẹ́tà, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ àwọn lẹ́tà Voltaire tí Theodore Besterman kó jọ láti 1953 sí 1965, ìdìpọ̀ 107 gbáko, àmọ́ súpáfáísọ̀ mi ní nọ́ńbà D lòun fẹ́, ìyẹn ti ẹ̀dà kejì tí Besterman náà ṣe, ìdìpọ̀ 85 sí 135 nínú àkójọ iṣẹ́ Voltaire tí wọ́n parí l'Oxford ní 2022, nọ́ńbà méjèèjì ò sì bára mu. Mo ti ń fi déètì àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà míì ò ní déètì, ibẹ̀ ni mo há sí. Ṣé tábìlì kan wà tó to Best. àti D síra wọn, ìdìpọ̀ wo ló sì wà?