Ẹ yọ ‘ọrẹ’ kúrò nínú ọ̀rọ̀ òwò

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti kọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún “Aid for Trade”, ètò tí WTO, àjọ tó ń ṣọ́ àdéhùn òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè láti Geneva, gbé kalẹ̀ ní Hong Kong ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, èyí tí àwọn ìlú olówó fi ń dá owó jọ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lè tún èbúté, ojú ọ̀nà, ibodè àti ilé àyẹ̀wò wọn ṣe, kí ọjà wọn lè tà lókè òkun. Ọ̀gbẹ́ni wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní kí a máa pè é ní “ìtọrẹ-òwò”. Àwọn kan ti kí i kú iṣẹ́. Èmi kò ní kí i. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọrẹ! Ọrẹ wo? Ẹni tó tẹ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà la ń ta lọ́rẹ. Ọrẹ kì í padà sílé, a kì í sì í bi ẹni tó gbà á bóyá ó jèrè. Òwò ń kọ́? Ẹni méjì ló ń ṣe é, oníkálukú ní ohun tí ẹnì kejì ń wá, wọn yóò ná an, wọn yóò yọ díẹ̀ níbẹ̀, èrè yóò sì kan tọ̀tún tòsì. Bí a bá lẹ ọrẹ mọ́ òwò, a ti sọ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì di alágbe kí àtẹ tó délẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Arákùnrin kan gbèjà rẹ̀, ó ní “ta” tó wà nínú tọrẹ náà ló wà nínú tajà, pé òwò ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Rárá o. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dán an wò. “Mo tà á”: ohùn ìsàlẹ̀ hàn gedegbe, mo gba owó nìyẹn. “Mo ta á lọ́rẹ”: ohùn àárín ni, n kò gba kọ́bọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ “tà” a máa di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, bíi “ta iṣu”, “ta aṣọ”, ibẹ̀ ló sì ti tan arákùnrin wa jẹ. Nígbà tí àwa wà ní girama, olùkọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó bí ẹ bá ṣi irú èyí gbọ́. Ohùn kan péré ló la títà àti fífúnni láàárín, ohùn yẹn gan-an sì ni àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ti ń jà fún láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ní 1964, nígbà tí wọ́n dá UNCTAD, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí òwò àti ìdàgbàsókè, sílẹ̀ ní Geneva, Raúl Prebisch ará Argentina ni akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló para pọ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà, ohun tí wọ́n sì ń wí ni pé iye tí wọ́n ń san fún kòkó, kọfí àti òwú wọn ń lọ sílẹ̀ nígbà tí iye ẹ̀rọ tí wọ́n ń rà ń lọ sókè, kí àwọn olówó ṣí ọjà wọn sílẹ̀. Wọn kò tọrọ ọrẹ. Ó wá di ohun tí a ó fi ẹnu ara wa sọ pé ọrẹ ni wọ́n gbà?

Ẹ wo òwú. Banikoara ní òkè orílẹ̀-èdè Benin ni oko òwú pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Sábẹ̀ àti Ìdásà náà, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń sọ èdè yìí láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kórè rẹ̀, iye tó sì ń ná wọn kéré sí ti àgbẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́n ló yẹ kó borí lọ́jà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó lé àwọn àgbẹ̀ tiwọn lọ́wọ́, wọ́n ń gbìn ín lágbìnjù, iye òwú sì já wálẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Ní 2003, Benin, Burkina Faso, Mali àti Chad fi ohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún náà, Blaise Compaoré, ààrẹ Burkina Faso, lọ bá àjọ WTO sọ̀rọ̀ ní Geneva lójúkojú. Ohun tí àwọn mẹ́rin náà béèrè ni pé kí àwọn olówó dáwọ́ owó yẹn dúró, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú títí yóò fi tán nílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, níbi ìpàdé WTO ní Cancún, ìwé tí wọ́n gbé síwájú àwọn mẹ́rin yìí ń dá wọn lámọ̀ràn láti wá nǹkan mìíràn ṣe pẹ̀lú òwú. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí rẹ̀. Brazil ní tirẹ̀ pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lórí òwú yìí kan náà, Benin àti Chad sì dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹjọ́. Brazil jàre ní 2005. Ní 2014 ni wọ́n tó parí ìjà náà pátápátá, Amẹ́ríkà sì san 300 mílíọ̀nù dọ́là, ti Brazil ni.

Ṣé ẹni tó jà báyìí lẹ ó wá fi “ìtọrẹ” sọ lórúkọ?

Àwọn kan wá sún mọ́ ọn, wọ́n ní “ìrànwọ́ òwò”. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí rédíò: kí ni wọ́n ń pe owó tí ìjọba ń san lórí bẹntiróòlù tẹ́lẹ̀? Owó ìrànwọ́ epo. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó tí Amẹ́ríkà fi ba òwú Benin jẹ́, ìrànwọ́ ni. Ètò tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe, ìrànwọ́ náà ni. Kí ni ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ní Sábẹ̀ yóò rí dì mú níbẹ̀? Èmi fara mọ́ kí a pè é lódindi, “ìrànlọ́wọ́ ìṣòwò”, kí a má gé e. Kí a sì sọ fún àwọn oníròyìn pé kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún ti epo; “owó àtìlẹ́yìn” ni mo dá lábàá. Mo mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé wa tó ń kọ̀wé láti London yóò ní ìrànwọ́ àti ìrànlọ́wọ́ kò yàtọ̀, pé ìkékúrú lásán ni. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n “ní” tó wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí a lè yọ bí ẹní yọ eegun ẹja. Ràn mí ní ọwọ́: ọwọ́ mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí o tó dé. Ìyá àgbà mi, tó ń ta òwú ríran fún àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, kò jẹ́ kí a sọ “ẹ ràn mí lọ́wọ́” nípa iṣẹ́ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. “Fún mi” lẹ ó sọ nígbà náà, á sì jẹ́ kí ojú tì yín. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò kàwé, wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ta ló kù tí a lè bi léèrè báyìí?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń kọ̀wé láti Kútọnù mú “àáró òwò” wá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n nínú àáró, bí a bá ro oko tèmi lónìí, tìrẹ ló kàn lọ́la, ọkọ́ kan náà ni a sì ń mú dání. Àwọn ará Geneva kò tíì ṣe àáró pẹ̀lú wa. Bí wọ́n bá ṣe é lọ́jọ́ kan, tiyín ni n ó lò.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyè méjì lórí ohun tí ètò yìí wà fún, kí ó rántí ẹ̀wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, àwọn ìlú Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí òògùn kòkòrò dichlorvos tó pọ̀ jù lára rẹ̀, wọ́n sì fi kún àkókò òfin náà léraléra. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni wọ́n gbà láyè. Ẹ̀wà wa dára, ẹnu kò kò ó rí. Ohun tí a kò ní ni ilé àyẹ̀wò tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, àti ẹni tí yóò kọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sínú àká pé òògùn kan wà tí kì í ṣe ti oúnjẹ. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ìṣòwò wà láti dí.

Mo fẹ́ kan ohun mìíràn lára, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń pe WTO ní “Àjọ Ìdókòwò Àgbáyé”, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nínú ìròyìn. Ta ló fún wọn? Ìdókòwò ni kí ènìyàn gbé owó sílẹ̀ kí ó fi dá iṣẹ́ kan tí yóò máa mú èrè wá. Òwò ni rírà àti títà. Níbi ìpàdé WTO ní Singapore lọ́dún 1996, àwọn ìlú olówó fẹ́ kí WTO máa ṣòfin lórí ìdókòwò pẹ̀lú, kí ilé iṣẹ́ wọn lè wọ ìlú ẹlòmíràn wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ní àwọn kò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó tú ìpàdé Cancún ká ní 2003. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004 wọ́n yọ ìdókòwò kúrò nínú ohun tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí. Áfíríkà jà kí ìdókòwò má wọ ilé yẹn, àwa sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí orúkọ. Àjọ Òwò Àgbáyé ni. Ó yá gbogbo ẹnu, ó sì tọ̀nà.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò fi dá mi lóhùn: pé lórí fóònù, láìsí àmì ohùn, “Ajo Owo Agbaye” lè jẹ́ ti òwò, ó lè jẹ́ ti owó. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀kan, IMF, wà ní Washington tó ń yá ìjọba lówó, ọ̀kan wà ní Geneva tó ń ṣọ́ àdéhùn òwò láti ọjọ́ kìíní ọdún 1995, tí Ngozi Okonjo-Iweala sì jẹ́ olórí rẹ̀ láti oṣù Kẹta 2021. Ẹ fi àmì sí i. Ẹ má tìtorí pé ọwọ́ yín ń yára kí ẹ fi olówó-yíyá àti onídùnàádúrà ṣe ẹnì kan náà.

Lórí owó tí wọ́n ń gbà lórí ọjà àkówọlé, n kò ní yẹ̀ kúrò lórí “owó oníbodè”. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni, pé ẹnu ibodè ìlú ni àwọn oníbodè ń jókòó sí láyé Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn alájàpá tó ń kẹ́rù kọjá. Kí ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń ṣe ní Sẹ̀mẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà (AfCFTA) ní Niamey, Benin náà sì fọwọ́ sí i nígbà kan náà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà ti ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àwọn tó ń ra nǹkan láàárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Badagry kò nílò atúmọ̀ èdè láti mọ ohun tí oníbodè jẹ́.

Àdéhùn yẹn náà ló sì kù tí a kò tíì rí orúkọ fún. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi “òwò ọ̀fẹ́” túmọ̀ “free trade” inú orúkọ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Obìnrin ọlọ́jà tó bá gbọ́ ọ̀fẹ́ yóò gbé apẹ̀rẹ̀ wá gba tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2021 ni òwò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra, àwa kò sì ní ohun tí a lè pè é níwájú ọlọ́jà. “Òwò àìsan-oníbodè” gùn jù, n kò sì fẹ́ràn bí ó ti dún. Kí ẹni tó bá ní èyí tó sàn mú un wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ṣùgbọ́n kí ó ti yọ ọ̀fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́.