Àsọtẹ́lẹ̀ àbí àgbọ́tẹ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ ìjì lẹ́nu àwọn káńsù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà ìjì fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ká bá òun yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò. Wọ́n pe ìkìlọ̀ tí káńsù ń fi síta kí ìjì tó dé ní "àsọtẹ́lẹ̀". Wọ́n fi "ìkìlọ̀ pupa" sọ ìpele ewu. Ìjókòó tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìjì láti wo ibi tí nǹkan ti wọ́, wọ́n pè é ní "àríkọ́gbọ́n". Mo kan sáárá sí wọn fún iṣẹ́ náà, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti àkọ́kọ́ ló sì ká mi lára jù.

Lọ́dọọdún ni NiMet, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé ìwé jáde lórí bí òjò yóò ṣe rọ̀, NIHSA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi àti odò, náà a sì dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè ya wọ̀. Bí rédíò bá pe èyí ní àsọtẹ́lẹ̀, etí tó ti mọ́ àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì ọdún tuntun ló ń gbọ́ ọ. Àsọtẹ́lẹ̀ ibi nílé wa, àdúrà la fi ń dá a lóhùn: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú wa." Tí a bá ti ṣe àmín, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ló máa gbé ṣọ́bìrì lọ kó gọ́tà nítorí ohun tó ti fi àdúrà lé lọ?

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ibẹ̀, inú òwe ló wà: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó sọ ló ni sísọ. Ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá ló ni gbígbọ́. Káńsù tó fi ìwé ránṣẹ́ sí rédíò ti sọ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣé ìyá tó ń ta èlùbọ́ létí odò wá gbọ́ tẹ́lẹ̀? "Ìkìlọ̀ àgbọ́tẹ́lẹ̀" á máa bi káńsù léèrè ẹni tó gbọ́, ìgbà tó gbọ́, àti bí ààyè tó kù fún un láti palẹ̀ mọ́ ṣe tó. Ẹ tún wo ẹni tí òwe náà mú sáárín: arọ, ẹni tí kò lè sáré. Òun gan-an ló yẹ kí ìwé ìlànà kọ́kọ́ rò, pẹ̀lú arúgbó, aláboyún àti ọmọ ọwọ́.

Àǹtí kan níbí ní àgbọ́tẹ́lẹ̀ kò lè dá dúró, pé ọ̀rọ̀ "ogun" ló ń ṣàpèjúwe nínú òwe. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi "ìkìlọ̀" ṣíwájú rẹ̀. "Ìjì àgbọ́tẹ́lẹ̀" náà sì yọ̀ mọ́ni lẹ́nu.

Ará Ìbàdàn ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2011, òjò tó tó mìlímítà 187 rọ̀ láàárín wákàtí bíi mẹ́rin, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ìpínlẹ̀ gba owó Báńkì Àgbáyé, 200 mílíọ̀nù dọ́là, ní 2014 láti tún afárá àti ojú omi ṣe, ètò ìkìlọ̀ sì wà nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín Ìbàdàn mọ́wọ́, òfin orílẹ̀-èdè 1999 ló sì gbé gọ́tà àti ìdọ̀tí kíkó lé wọn lọ́wọ́. Ìdọ̀tí tí wọ́n dà sí gọ́tà káńsù kan, abẹ́ afárá káńsù kejì ló máa lọ dí. Bí káńsù kan bá ń pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, tí èkejì ń pè é ní ìfitónilétí, ará ìlú tó ń gbé ní ààlà wọn ò ní mọ èyí tó yẹ kó mú un dìde.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn àti pupa láti fi sọ bí ewu ṣe ń ga sí i. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, pupa ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Epo pupa ni à ń pe epo, èèyàn pupa ni ẹni tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyeyè tó pọ́n sì rèé, pupa rúsúrúsú ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìkìlọ̀ pupa ti jáde, kò sọ nǹkan kan. Ohun tí èèyàn máa ṣe ni kí ìpele máa jẹ́. Fún ìjì: "Ẹ fetí sílẹ̀," "Ẹ múra," "Ẹ má jáde." Fún omi, ìpele tó ga jù gbọ́dọ̀ jẹ́ "Ẹ kúrò." Ibí yìí ni mo ti ń bẹ̀ yín pé ká má da ìjì àti omíyalé pọ̀ mọ́ra. Ìjì tó ń ṣí páànù, pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò ló sábà ń jà, inú ilé sì ni ààbò wà. Nígbà tí odò bá ń kún bọ̀, inú ilé gan-an ni ikú wà.

"Àríkọ́gbọ́n" dùn létí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wòran ni. Ẹlòmíràn ló ṣubú, èmi ni mo rí i tí mo kọ́gbọ́n. Káńsù kì í ṣe òǹwòran. Nígbà tí ìjì ńlá jà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́jú ọjọ́ 16 Oṣù Kẹwàá 1987, tí èèyàn 18 kú, àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ yẹ ọwọ́ ara wọn wò, ètò ìkìlọ̀ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Àgbéyẹ̀wò nìyẹn. Kí ẹ̀gbọ́n wa kọ "àgbéyẹ̀wò ìjì" síbẹ̀, kí wọ́n sì fi ìlà kan kún un pé gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, ní Yorùbá, kí ẹni tí páànù rẹ̀ ṣí lè dìde sọ ìgbà tí ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.