Ìnṣọ́ránsì ilé: èló ni wọ́n pè fún yín, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ pé iye yẹn tọ́?

Títí_Basírì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Èkìtì kete. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí èmi àti ọkọ mi ń kọ́ ní Basírì kù díẹ̀ kó parí. Báńkì tó fẹ́ yá wa ní owó tó kù ní àfi kí á kọ́kọ́ ra ìnṣọ́ránsì ilé. Mo bi éjẹ́ǹtì méjì ní iye tó máa jẹ́, iye tí wọ́n pè jìnnà síra bí Ọ̀tùn ṣe jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á rí, báwo ni wọ́n ṣe ṣírò tiyín?

Aládé_Ajílọ́sun
Mo jókòó síbí, mo ń retí ìdáhùn.

BàbáÌbejì
Ìnṣọ́ránsì kẹ̀? Ọlọ́run ni ìnṣọ́ránsì tèmi.

Brókà_Àgbà
Bàbá Ìbejì, àmín. Ṣùgbọ́n báńkì ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ Títí.

Àbúrò mi, kí o tó bi éjẹ́ǹtì, bi bíríkìlà rẹ. Iye tí yóò ná ọ láti tún ilé yẹn kọ́ láti ìpìlẹ̀ lónìí, bó bá jóná ráúráú, òun ni wọ́n fi ń ṣírò. Kì í ṣe iye tí o lè tà á, kì í sì í ṣe iye tí o ti ná sí i. Yọ owó ilẹ̀ kúrò, ilẹ̀ kì í jóná. Fi owó kíkó àwókù dànù àti owó àwọn tó máa ya àwòrán ilé kún un. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 40 náírà, tí ilé-iṣẹ́ sì ní 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lòun ń gbà, 80,000 náírà lọ́dún nìyẹn. Òmíràn á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn á dín in. Bí éjẹ́ǹtì méjì bá pe iye tó jìnnà síra, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ka ilẹ̀ mọ́ ọn, tàbí pé ọ̀kan fi ìjì sí i, èkejì ò fi sí i. Ní kí àwọn méjèèjì kọ ohun tí wọ́n kà sílẹ̀, kí o gbé ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Títí_Basírì
Ẹ ṣé gan-an ni sà. Ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ béèrè irú páànù tí a fẹ́ kàn. Ó kàn ní "ilé tó dáa ni, àbí?"

Brókà_Àgbà
Ẹni yẹn, bi í bóyá NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, fún un níwèé àṣẹ.

Kọ́lá_Bíríkìlà
Ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ẹni tó kọ́lé ní 2021 kó má wulẹ̀ mú ìwé ìṣirò ìgbà yẹn jáde. Sìmẹ́ǹtì tí a ń rà ní nǹkan bí 4,000 náírà lápò kan nígbà yẹn wọ 10,000 ní 2024. Irin ò dúró dè é, igi ò dúró, èmi náà ò dúró, owó iṣẹ́ mi ti gòkè. Ọdọọdún ló yẹ kéèyàn tún un ṣírò. Ẹ pè mí, màá wá wo tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ bí iyán bá ti wà nílé.

Mọ̀míÌkẹ́rẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ àbúrò mi. Ọkùnrin tó mọ owó í ṣọ́ ni, kì í rajà láìná an. Éjẹ́ǹtì dé ilé rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ mílíọ̀nù 10 sílẹ̀ kí owó ọdọọdún má baà pọ̀. Ilé ọ̀hún kò ní dín ní mílíọ̀nù 40 bí èèyàn bá fẹ́ tún un kọ́. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sanwó, ó gbàwé, ó fi pamọ́ sábẹ́ Bíbélì.

Òjò àkọ́rọ̀ wá dé, òun àti ìjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ bí ìjì oṣù kẹta ṣe máa ń ṣe wá. Ẹ̀gúsí ni mò ń bó lọ́wọ́ tí mo gbọ́ tí páànù ń han. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òrùlé wọn ti wà nínú ọgbà ilé-ìwé tó wà lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú igi àjà rẹ̀ o! Káfíńtà ní mílíọ̀nù 6 ni. Ọkọ àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní mílíọ̀nù 10 lòun ní nílẹ̀, kí ló kàn òun nínú mílíọ̀nù 6. Ẹ gbọ́ o, mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa san. Wọ́n tún yọ díẹ̀ nínú ẹ̀. Di òní, ẹ má dárúkọ ìnṣọ́ránsì níwájú rẹ̀.

BàbáÌbejì
Ẹ ti rí i. Olè afọwọ́-kọ̀wé.

Sùnbọ̀_Ọ̀yẹ́
Haa! Mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú mẹ́fà? Páànù lásán ò tó o.

Aládé_Ajílọ́sun
Èyí dùn mí bíi pé èmi ni. Wọ́n jí i lówó ni, kò sí orúkọ míì tó ń jẹ́.

Brókà_Àgbà
Wọn ò jí i. Ilé 40, ó ra 10. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Nítorí náà ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n máa san: 6 pín sí ọ̀nà mẹ́rin, mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ìyókù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló gbà láti gbé e. Ó wà nínú ìwé tó fi sábẹ́ Bíbélì. Èyí tí wọ́n tún yọ ni iye tí onílé máa ń kọ́kọ́ fi dá sí i lápò ara rẹ̀.

Aládé_Ajílọ́sun
Ta ló ń ka ìwé yẹn, ẹ̀gbọ́n? Lẹ́tà ibẹ̀ kéré ju ojú èèrà. Éjẹ́ǹtì ló yẹ kó là á yé e.

Brókà_Àgbà
Òótọ́ lo sọ níbẹ̀. Éjẹ́ǹtì tó jókòó tó rí ilé 40, tó sì kọ 10 láìlanu, òun náà jẹ̀bi.

Mọ̀míÌkẹ́rẹ́
Ẹ kú àlàyé. Màá sọ fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

BàbáÌbejì
Ẹ má fi ìṣirò bò wá lójú. Ọ̀rẹ́ mi kan gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn ní Adó, ó kọ ọ́ tán, ó fọwọ́ sí i. Ilé jó. Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀.

Brókà_Àgbà
Ó ti sanwó?

BàbáÌbejì
Ó ní ìparí oṣù lòun máa san.

Sùnbọ̀_Ọ̀yẹ́
😂😂😂 Bàbá!!!

Brókà_Àgbà
Òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 ti sọ ọ́: bí owó ò bá tíì wọlé, ìnṣọ́ránsì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sí àwìn nídìí ẹ̀.

Títí, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Bí wọ́n bá kọ "iná" nìkan sí ìwé rẹ, ohun tó wà níbẹ̀ ni iná, mànàmáná, àti gáàsì ìdáná tó bá bú. Ìjì, àgbàrá, páìpù tó bẹ́, ìjà ìgboro, àfikún ni gbogbo ìyẹn, ó sì ní owó tirẹ̀. Ní ìlú wa yìí, ẹni tó ra ti iná tí kò ra ti ìjì, mi ò mọ ohun tó ń rò.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Ẹ dákun, kí n gbọ́ ọ yé. Ṣàngó wà nínú ìwé ṣùgbọ́n Ọya ò sí níbẹ̀, àfi kéèyàn san owó tiẹ̀ lọ́tọ̀?

Sùnbọ̀_Ọ̀yẹ́
Mo kú o 😂 Wọ́n ti tú ìgbéyàwó ká.

Wòlíì_Kékeré
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa dárúkọ òrìṣà sí ọ̀rọ̀ ilé ọmọlẹ́yìn Krístì. Ilé tí a bá fi àdúrà yà sọ́tọ̀, ìjì ò lè ṣí i.

Mọ̀míÌkẹ́rẹ́
Wòlíì, ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an ni ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Wòlíì_Kékeré
Káfíńtà wo ló kàn án?

ỌmọẸ̀fọ̀n
Ó ti di ti káfíńtà báyìí.

Kọ́lá_Bíríkìlà
Nǹkan gidi lẹ ń fi ṣeré. Páànù aluminium fẹ́lẹ́ tí gbogbo ayé ń sáré rà, bí ìjì bá ti rí ẹnu wọ abẹ́ rẹ̀, ó tán. Páànù àtijọ́ tí àwọn bàbá wa kàn, ìṣó rẹ̀ pọ̀, igi rẹ̀ sì jẹ́ igi. Ẹ lọ wo àwọn ilé alámọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Inú ọ̀kan lára wọn ni wọ́n bí mi sí! Ilé bàbá bàbá mi, alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, ó tutù minimini lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbìyànjú láti ra ìnṣọ́ránsì fún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé?" Bàbá bàbá mi, wọ́n ti kú. Ìkejì: "Ta ló ni ín báyìí?" Gbogbo wa. Wọ́n ní ta ni gbogbo yín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojúlé kọ̀ọ̀kan, ìyàwó méjì ni bàbá náà ní o, kí n tó dé orí ọmọ kẹta tí ìyáálé bí, ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí ẹbí kọ́kọ́ yan àwọn tó máa dúró fún ilé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹbí. Bàbá kékeré kan dìde, wọ́n ní: "Tí ilé bá jóná, ta ni owó máa bọ́ sí lọ́wọ́?" Ìpàdé parí síbẹ̀.

Sùnbọ̀_Ọ̀yẹ́
Ilé ẹbí! Àwa ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì rárá, owó àtiṣe ògiri kan ni a ò tíì rí dá.

Aládé_Ajílọ́sun
Ìbéèrè bàbá kékeré yẹn tọ́ o.

Brókà_Àgbà
Ó tọ́. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ mọ ẹni tí òfò ilé náà máa dé bá ní tòótọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni á lọ ra ìnṣọ́ránsì sórí ilé aládùúgbò, á wá máa gbàdúrà iná. Ilé alámọ̀ náà, ẹlòmíràn ò ní gbà á, ẹni tó bá gbà á máa fi owó lé e. Ti ikán, ẹ má bi mí. Ohun tó ń jẹ ilé díẹ̀díẹ̀ kò sí nínú ẹ̀.

Délé_Houston
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dúpẹ́. Níbi tí mo wà ní Texas, báńkì tó yá mi lówó ilé ló ń gba owó ìnṣọ́ránsì mọ́ owó ilé lóṣooṣù, kò sí pé mi ò fẹ́. Wọ́n béèrè ọdún tí wọ́n kan òrùlé, wọ́n wo bí mo ṣe ń san gbèsè mi. Ti ìjì àti yìnyín, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí mo fi ilé sí ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dá sí i. Ká sọ pé ilé jẹ́ 300,000 dọ́là, 6,000 dọ́là ti di tèmi kí wọ́n tó mú nǹkan wá. Omíyalé ò sí nínú ẹ̀ rárá, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń rà á. Ti ìjọba àpapọ̀ ò sì kọjá 250,000 dọ́là fún ilé gbígbé, bí o bá rà á lónìí, àfi lẹ́yìn 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Harvey da omi sí Houston ní 2017, ọ̀pọ̀ àwọn tí omi wọlé wọn ni kò ní in.

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún ni ilé tí mo kọ́ sí Ìkọ́lé. Mo fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì sí i. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ àfi bí a bá wálé ní Kérésì.

Brókà_Àgbà
Délé, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì iná ló ní bí ilé bá ṣófo ju 30 ọjọ́ lọ láìjẹ́ pé o sọ fún wọn kí wọ́n sì gbà, kò sí nǹkan mọ́. O lè máa sanwó lọ́dọọdún kó má sì sí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Aládé_Ajílọ́sun
Ẹ tún un sọ! Ìdajì ilé aláràǹbarà tó wà ní Èkìtì, alángbá ló ń gbé e.

Sùnbọ̀_Ọ̀yẹ́
Àti àdán.

Délé_Houston
Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n wá ṣe?

Brókà_Àgbà
Kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ilé máa ń ṣófo, má fi pamọ́. Wọ́n lè fi owó lé e, wọ́n lè ní kí o fi ẹnì kan sí i, kí o fi irin sí fèrèsé. Bí wọ́n bá gbà, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, má gba tẹnu.

Kọ́lá_Bíríkìlà
Fi ẹnì kan sí i, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Mọ̀míÌkẹ́rẹ́
Kí ló ṣe mọ̀lẹ́bí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣọ́ ilé wa ní Adó, kò sí wàhálà.

Kọ́lá_Bíríkìlà
Mọ̀mí, tiyín yàtọ̀. Ẹnì kan tí mo bá kọ́lé fi ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Ìyẹn gbéyàwó síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, ó kọ́ ilé adìyẹ sí iwájú. Onílé dé láti òkè òkun, ilé ìtura ló sùn.

Lańlọ́ọ̀dù_Ìwòròkò
Ẹ fi ti mọ̀lẹ́bí sílẹ̀ ná. Mo ní hóṣítẹ́ẹ̀lì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ẹnì kan ní òfin ti sọ ìnṣọ́ránsì di dandan fún irú èmi. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n fẹ́ fi tajà?

Brókà_Àgbà
Òótọ́ ni. Òfin 2003 ka hóṣítẹ́ẹ̀lì àti ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ilé tó gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìwólulẹ̀, iná, ìjì àti àgbàrá. Òfin tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025 ò sì yọ ọ́ kúrò.

Lańlọ́ọ̀dù_Ìwòròkò
Mo ti gbọ́. Owó ilé á gòkè nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_tí_ebi_ń_pa
Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣàánú wa. Páànù tó ń jò yẹn lẹ kọ́kọ́ ṣe.

Lańlọ́ọ̀dù_Ìwòròkò
Ìwọ ni yàrá wo?

Akẹ́kọ̀ọ́_tí_ebi_ń_pa
Rárá o, sà. Mi ò gbé níbẹ̀.

Títí_Basírì
Sọ́féyọ̀ tó ń ṣírò owó ilé kíkọ́ ti wá wo ilé. Mílíọ̀nù 38 ló pè é láìka ilẹ̀. Éjẹ́ǹtì tó pe owó gọbọi yẹn ti ka ilẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́, ilẹ̀ Basírì! Èkejì ò fi ìjì sí i. Mo ti ní kí ó lọ tún un kọ. Mo tún ń ya fọ́tò ẹrù inú ilé, yàrá dé yàrá, mo ń wá rìsíìtì. Ọkọ mi ní kí n ka agbádá rẹ̀ mọ́ ọn.

Sùnbọ̀_Ọ̀yẹ́
Agbádá mélòó?

Títí_Basírì
Ẹ má bi mí.

Aládé_Ajílọ́sun
Ẹ̀gbọ́n Délé, lórí ọ̀rọ̀ ilé Ìkọ́lé yẹn. Èmi kì í ṣe mọ̀lẹ́bí yín. Mi ò níyàwó, mi ò sin adìyẹ. Ajá kan péré ni mo ní.

Délé_Houston
Irú ajá wo ni?